Ilé Amọ̀ Kúdẹtì: Ọgbọ́n Ìmọlé, Ìtàn àti Ìtọ́jú

 Ilé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Inú ọgbà Ṣọ́ọ̀ṣì Dáfídì Mímọ́ ní Kúdẹtì ni ilé náà wà. Àwọn ará Ìbàdàn a máa pè é ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ìlú yìí. Àwọn mìíràn a sì máa pè é ní ilé Òyìnbó. Orúkọ kejì yìí gan-an ni ó fa ọ̀rọ̀ mi.

Kí ni a ń wò kí a tó pe ilé kan ní ilé Òyìnbó? Ṣé àwọn tí ó gbé inú rẹ̀ ni, tàbí bí a ṣe to yàrá rẹ̀, tàbí ohun tí a fi mọ ògiri rẹ̀? Bí a bá ní àwọn tí ó gbé inú rẹ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn: tọkọtaya Òyìnbó ni wọ́n. Bí a bá ní ètò yàrá rẹ̀ ni, a ó gbà díẹ̀, a ó sì kọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ohun tí a fi mọ ọ́n ni, a ó rí i pé amọ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn ni. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ju èyí lọ: ibi tí àwọn Òyìnbó méjèèjì náà ti wá, ilẹ̀ tí ènìyàn ti ń gbé ilé amọ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wo amọ̀ bí àmì òṣì, tí ó sì ń wo òkúta àti sìmẹ́ńtì bí àmì ọ̀làjú, kò tíì mọ ìtàn ilé tiwa, kò sì tíì mọ ti Òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dé, a máa ń rí ògiri tí ó wó ní àárín ìlú, ní Kúdẹtì, ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ àti ní ẹsẹ̀ òkè Mápó. Àwọn mìíràn kò dúró de òjò: àwọn ọmọ onílé fúnra wọn ni ó ń wó wọn, nítorí wọ́n ní ilé amọ̀ ti di ohun ìtìjú. Bí a kò bá mọ ohun tí ó ń mú ilé amọ̀ dúró àti ohun tí ó ń pa á, a ó pàdánù èyí tí ó kù, a ó sì rò pé ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó pé.

1. Àwọn tí ó mú kí a kọ́ ọ

David Hinderer jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, láti agbègbè Württemberg. Ọdún 1819 ni a bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Basel àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S. Ní 1849 ó ti wà ní Abẹ́òkúta. Ní 1851 ó wá sí Ìbàdàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, inú àwọn olóyè sì dùn sí i. Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ Anna Martin ní oṣù kẹwàá ọdún 1852. Anna jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Hempnall, ní ìhà gúúsù Norfolk, ni a ti bí i ní 1827. Àwọn méjèèjì dé Èkó ní oṣù kìíní 1853, wọ́n sì wọ Ìbàdàn ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, nígbà tí Olúgbódé jẹ́ Baálẹ̀.

Ilé amọ̀ kan bí ti gbogbo ará ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ní nǹkan bí ọdún 1854 ni wọ́n kó lọ sí ilé tuntun ní Kúdẹtì, lórí ilẹ̀ tí àwọn àgbààgbà ìlú fún wọn. Ẹ rántí pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Badagry, èyí tí a máa ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti parí ní 1845. Ṣùgbọ́n etí òkun ni Badagry wà. Ohunkóhun tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé wá lè dé ibẹ̀ láìsí ìdààmú púpọ̀. Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù tí ó bá gúnlẹ̀ sí Èkó yóò kọ́kọ́ gba ojú omi Odò Ògùn lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà orí aláàárù ni yóò gbé e dé Ìbàdàn. Ta ni yóò ru òkúta tàbí bíríkì gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ọmọlé ń lò. Ohun tí ó sì wà nílẹ̀ ní Kúdẹtì ni amọ̀ pupa, igi, koríko, àti àwọn ènìyàn tí ó mọ bí a ti ń lò wọ́n.

Ilé yìí kì í ṣe ilé ibùgbé lásán. Ọgbà rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì lé Anna lọ́wọ́, Yéjídé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Daniel Olúbi àti James Òkúṣẹ̀yìndé bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìdílé Johnson náà darapọ̀ mọ́ wọn láti Sàró ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1850, ọmọ wọn Samuel sì kàwé ní Kúdẹtì. Samuel Johnson yìí kan náà ni ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí arákùnrin rẹ̀ Obadiah ṣe àtúntò rẹ̀, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tí ó kọ ìtàn wa tí gbogbo ayé ń kà, abẹ́ ògiri amọ̀ ni ó ti kọ́ ìwé.

2. Amọ̀ lọ́wọ́ àwọn baba wa

Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ipò tí amọ̀ wà. A ní ọ̀rọ̀ ìṣe méjì fún iṣẹ́ yìí. A lè kọ́ ilé, a sì lè mọ ilé. Kíkọ́ lè jẹ́ ti ohunkóhun. Ṣùgbọ́n mímọ jẹ́ ti ọwọ́ àti ti amọ̀: à ń mọ ìkòkò, à ń mọ ògiri. Ìdí nìyí tí a fi ń pe oníṣẹ́ náà ní ọ̀mọ̀lé. Ọgbọ́n amọ̀kòkò àti ọgbọ́n ọ̀mọ̀lé, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Báwo ni a ti ń mọ ọ́n? A ó wa ilẹ̀ pupa láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti kó erùpẹ̀ dúdú òkè kúrò, nítorí ewé àti gbòǹgbò tí ó wà nínú erùpẹ̀ dúdú a máa jẹrà. A ó da omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó mu omi dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni a ó bu ú ní ìṣù ìṣù, a ó sì tò ó ní ìpele ìpele. Ìpele kan kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ ní gíga. A kò gbọdọ̀ gbé èkejì lé e títí èkíní yóò fi gbẹ. Ẹni tí ó bá kánjú, ìsàlẹ̀ yóò wú sí ẹ̀gbẹ́, ògiri yóò sì wọ́. Nítorí èyí, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni ilé mímọ. Lẹ́yìn ìkórè ni à ń bẹ̀rẹ̀, a sì fẹ́ kí òrùlé ti wà lórí rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Ògiri bẹ́ẹ̀ a máa nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sísanra rẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Oòrùn ọ̀sán yóò máa gbóná sí i lára títí di ìrọ̀lẹ́ kí ooru tó dé inú yàrá, nígbà tí afẹ́fẹ́ òde bá ti ń tutù. Ìdí nìyí tí inú ilé amọ̀ fi tutù ní ọ̀sán, tí ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ ní òru ọyẹ́.

Ní ti òrùlé, Samuel Johnson sọ fún wa pé koríko bẹẹrẹ ni ó dára jù lọ tí ó sì pẹ́ jù lọ. Níbi tí igbó bá ti dí tí koríko kò pọ̀, ewé gbòdògì ni wọ́n ń lò. Bẹẹrẹ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọdún nítorí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, nígbà tí a ń kó o wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Òrùlé koríko gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ kí omi má ba dúró lórí rẹ̀, etí rẹ̀ a sì máa yọ jìnnà kọjá ògiri. Abẹ́ etí òrùlé yìí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà. A máa ń rò pé tìtorí ìjókòó àti ìtàkúrọ̀sọ ni a fi ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n agbòjò ògiri ni pẹ̀lú.

3. Amọ̀ àti òkúta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kí n tó padà sí Kúdẹtì, ẹ jẹ́ kí a rìn dé ìlú àwọn onílé náà, kí a lè mọ irú ojú tí wọ́n fi wo amọ̀ Ìbàdàn.

Bí a bá dárúkọ ilé àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó ń wá sí ọkàn wa ni ilé òkúta kékeré bí èyí tí a ń rí nínú àwòrán. Òótọ́ ni pé irú rẹ̀ wà. Ní Bibury, ní agbègbè Cotswold, ọ̀wọ́ ilé òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní Arlington Row. Nǹkan bí ọdún 1380 ni a kọ́ ọ láti máa kó irun àgùntàn pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, láàárín 1600 sí 1700, wọ́n sọ ọ́ di ilé àwọn ahunṣọ. Òkúta ni ògiri rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi bo orí rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi òkúta kọ́ ọ? Kì í ṣe nítorí pé wọ́n lówó. Tálákà ni àwọn ahunṣọ. Ìdí rẹ̀ ni pé òkúta ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń mú jáde, bí ilẹ̀ Ìbàdàn ti ń mú amọ̀ pupa jáde. Ohun tí ó bá wà ní ìtòsí ni tálákà fi ń kọ́lé ní ibi gbogbo lágbàáyé.

Nítorí náà, níbi tí òkúta kò bá sí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi amọ̀ mọlé. Ní Devon, ní ìwọ̀ oòrùn, wọ́n po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tò ó ní ìpele ìpele, wọ́n ń dúró kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ọ̀mọ̀lé nílẹ̀ yìí, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Bí ẹni ń ṣàpèjúwe iṣẹ́ tiwa ni. Ògiri wọn a máa nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ sì wà tí ó ti lé ní 300 ọdún tí ènìyàn ṣì ń gbé inú wọn. Wọ́n ní òwe kan níbẹ̀ pé ohun tí ilé amọ̀ ń fẹ́ kò ju fìlà tí ó dára àti bàtà tí ó dára lọ. Fìlà ni òrùlé. Bàtà ni ìpìlẹ̀ òkúta tí ó gbé amọ̀ kúrò nínú omi ilẹ̀.

Ní ìhà gúúsù Norfolk, níbi tí a ti bí Anna, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Wọ́n fi amọ̀ àti koríko ṣe búlọ́ọ̀kù ńlá, gígùn rẹ̀ tó ínǹṣì 18, fífẹ̀ rẹ̀ tó 9, gíga rẹ̀ sì tó 6. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi gbẹ ẹ́, wọn kò sun ún ní iná. Ìgbà èwe Anna gan-an ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i ní agbègbè náà. Ní Württemberg ti David, igi ni wọ́n fi ń ṣe egungun ilé, wọn a hun ọ̀pá sí àárín igi náà, wọn a sì fi amọ̀ dí i. Àwọn méjèèjì tí ó wá sí Kúdẹtì, amọ̀ kì í ṣe àjèjì sí agbègbè tí ó bí wọn. Ohun tí ó jẹ́ àjèjì sí wọn ni òjò wa. Òjò tí ń rọ̀ ní Norfolk lọ́dún kò ju nǹkan bí mìlímítà 650 lọ. Ti Ìbàdàn lé ní 1,200, ìjì líle ni ó sì ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá.

4. Ohun tuntun àti ohun àtijọ́ ní Kúdẹtì

Wàyí o, kí ni ilé Kúdẹtì mú wá tí kò sí tẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn? Ohun kìíní ni gbígbé lókè. Ìtumọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìyí: kí ènìyàn máa gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá tí ó ń sùn. Ohun kejì ni ìtò rẹ̀. Agboolé Ìbàdàn kọ ẹ̀yìn sí ìta, ó sì kọjú sí agbàlá tí ó wà láàárín, níbi tí gbogbo ẹbí ti ń rí ara wọn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dá dúró láàárín ọgbà, ó sì kọjú sí ìta. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri nìkan, ọ̀rọ̀ ìgbé ayé ni: ọ̀kan jẹ́ ilé ìdílé ńlá, èkejì jẹ́ ilé ọkọ, aya àti àwọn tí wọ́n gbà tọ́.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ pé àjà jẹ́ àjèjì sí wa. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú èdè wa láìyá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa a máa to igi lórí yàrá, wọn a sì tẹ́ amọ̀ lé e, kí iná tí ó bá jó òrùlé koríko má ba dé orí ẹrù inú ilé. Ohun tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe ni pé ó fún àjà ní agbára sí i, ó sì sọ ọ́ di ilẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé alájà. Orúkọ náà tọ̀nà: ó fi hàn pé a mọ ohun tuntun náà nípa èyí tí a ti ní tẹ́lẹ̀.

Ẹ ronú pẹ̀lú lórí ẹrù tí ògiri náà ń gbé. Ògiri amọ̀ lágbára bí a bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ṣùgbọ́n kò lágbára bí a bá tì í láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí yóò gbé àjà àti ènìyàn lé e lórí gbọ́dọ̀ mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, kí ó sì rí i pé igi àjà dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí ògiri. Iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀lé àti agbẹ́gilére Ìbàdàn ni èyí. Wọ́n ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì dúró.

Kì í ṣe ilé nìkan ni Ìbàdàn fi amọ̀ ṣe ní ìgbà náà. Ní 1858 ni a mọ odi ìlú tí a ń pè ní odi Ìbíkúnlé, tí a sọ ní orúkọ Balógun Ìbíkúnlé. Ìlú tí ó ń dẹ́rù ba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé amọ̀ lọ́wọ́. Ta ni yóò wá sọ pé ohun tí kò níláárí ni?

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ìjàyè ṣubú ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ti Ìjẹ̀bú kò ṣí. Àwọn Hinderer há sí Ìbàdàn, ebi sì pa wọ́n, títí ó fi di 1865 tí Gómìnà Èkó rán Captain Maxwell wá láti mú Anna jáde. Ní gbogbo ọdún márùn-ún yìí, ìṣó kan kò lè ti etíkun wá bí ó ti yẹ. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: bí ilé náà bá jẹ́ ti àwọn ohun èlò tí a kó ti òkè òkun wá, kí ni wọn ì bá fi tún un ṣe? Amọ̀ wà nílẹ̀, koríko wà ní oko, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà sì wà ní ìtòsí. Ìwà àtàtà kan nìyí tí ilé amọ̀ ní tí a kì í sábà kà sí: ẹni tí ó ní in kò nílò kí ọ̀nà ṣí kí ó tó lè tún un ṣe.

Ní 1869 ni àwọn Hinderer kúrò ní Ìbàdàn. Anna kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Daniel Olúbi ni ó di iṣẹ́ náà mú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn wọn. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ọmọ Yorùbá ni ìtọ́jú ilé yìí wà. Bí ilé kan bá lo ọdún 15 lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ, tí ó sì lo ohun tí ó lé ní 150 ọdún lọ́wọ́ àwọn mìíràn, ta ni a ó fi ìwàláàyè rẹ̀ yìn?

5. Bí ilé amọ̀ ṣe ń kú

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé amọ̀ ni òwe yìí ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ kì í ṣe itọ́, ìrì kì í sì wó o. Ọ̀nà mẹ́rin ni ikú fi ń dé bá a.

Ọ̀nà kìíní ni òrùlé. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, páànù sì di ohun tí ọ̀pọ̀ lè rà. Páànù kì í gbiná bí koríko, kò sì nílò kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà àwọn ènìyàn fi ayọ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ra páànù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í fẹ́ kí etí òrùlé yọ jìnnà. Etí òrùlé kúrú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ pòórá, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí ògiri lára. Bí páànù bá wá dógùn-ún tí ó sì lu, omi a máa wọ inú ògiri láti òkè, ibẹ̀ ni a kì í sì í tètè rí i.

Ọ̀nà kejì ni ìsàlẹ̀. Ìkún omi Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 àti ti oṣù kẹjọ 2011 fi hàn wá. Ògiri amọ̀ tí omi bá yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká yóò rọ̀, yóò sì jókòó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkún omi nìkan ni. Bí a ti ń fọ́n yanrìn àti sìmẹ́ńtì sí ojú agbàlá lọ́dọọdún, ilẹ̀ ìta a máa ga ju ti inú ilé lọ, omi ìta a sì dojú kọ ògiri.

Ọ̀nà kẹta ni ó yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé inú rere ni a fi ń ṣe é. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, sìmẹ́ńtì dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ọmọ tí Ọlọ́run bá ṣe é fún a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé amọ̀ baba rẹ̀ kí ó lè dán. Amọ̀ a máa wú díẹ̀ bí ó bá rin, a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kò mọ bí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà yóò sán. Òwe sì wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Omi ni aláǹgbá tiwa. Yóò gba ojú sísán wọlé, sìmẹ́ńtì kò sì ní jẹ́ kí ó gbẹ jáde. Amọ̀ yóò máa rọ̀ lẹ́yìn èèpo tí ó le, títí ògiri tí ó ń dán yóò fi wó lójijì. Àwọn ará Devon ti rí irú èyí náà. Àwọn tí ń tún ilé àtijọ́ ṣe níbẹ̀ ti ń bó sìmẹ́ńtì kúrò lára ilé amọ̀ wọn, wọ́n sì ń fi òkúta ẹfun tí a sun tí a sì pò mọ́ omi rẹ́ ẹ padà, nítorí pé èyí ń jẹ́ kí ògiri mí.

Ọ̀nà kẹrin ni àìsí ènìyàn. Ilé amọ̀ kò gbówó lérí púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba iṣẹ́. Lọ́dọọdún ni ó yẹ kí a rẹ́ ẹ, kí a wo orí rẹ̀, kí a dí ihò ikán. Nígbà tí agboolé kún fún ọ̀dọ́, ọ̀wẹ̀ ọjọ́ kan ti tó. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Agbowó, sí Bódìjà, sí Èkó àti sí òkè òkun, ìyá àgbà kan ṣoṣo kò lè gun òrùlé. Mo fẹ́ sọ èyí kedere, kí ẹnikẹ́ni má ba rò pé mo ń dá àwọn tí ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé lẹ́bi. Wọ́n ní ìdí. Ilé tí ó lè dúró láìsí olùtọ́jú wù wọ́n, nítorí olùtọ́jú kò sí mọ́.

6. Ohun tí ó kù fún wa

Ẹ jẹ́ kí a wo àyíká wa. Agbowó tí ó wà níwájú ẹnubodè Yunifásítì yìí, ìlú búlọ́ọ̀kù ni. Ògiri rẹ̀ tín-ínrín, òrùlé rẹ̀ kúrú etí, yàrá rẹ̀ a sì máa gbóná janjan ní ọ̀sán tí a bá tan fáànù tí iná mànàmáná kò sí. Inú ọgbà Yunifásítì, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya ilé tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn àti ògiri oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. A gbóríyìn fún wọn ní gbogbo ayé pé wọ́n mọ bí a ti ń kọ́lé fún ilẹ̀ olóoru. Wọ́n yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀lé Kúdẹtì tí ó mọ ìlò ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí a tó bí wọn, a kò mọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí a yìn ẹni kejì, bí a kò bá gbàgbé ẹni kìíní.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi ìgbà gbogbo fẹ́ràn ilé tálákà wọn. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ nínú wọn bí ohun tí kò wúlò. Ní 1877 ni William Morris àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa dáàbò bo ilé àtijọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì ni pé kí a máa tún ilé ṣe díẹ̀díẹ̀ dípò kí a sọ ọ́ di tuntun. Ní 1929 ni a ra Arlington Row kí ó má ba bàjẹ́. Láti 1947 ni òfin wọn ti ní kí a máa kọ orúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ba wó o bí ó ti wù ú. Àwa náà ní òfin: ti 1953 lórí ohun àtijọ́, àti òfin 77 ti 1979 tí ó dá àjọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í gun òrùlé. Ènìyàn ni yóò gùn ún.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo dá ní ìmọ̀ràn. Èkíní, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa wọn ilé amọ̀ tí ó kù ní àárín ìlú, kí wọ́n yà wọ́n sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ agboolé àti bí a ti mọ wọ́n, kí òjò tó mú wọn lọ. Èkejì, kí onílé dáwọ́ fífi sìmẹ́ńtì rẹ́ amọ̀ dúró. Amọ̀ ni kí ó fi rẹ́ amọ̀. Ẹ̀kẹta, bí owó kò bá tó nǹkan, orí ilé ni kí á kọ́kọ́ ná an sí, kí etí òrùlé gùn, kí a sì la ọ̀nà omi kúrò ní ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ̀kẹrin, kí a wá àwọn àgbà tí ó ṣì mọ ìgbà tí amọ̀ ti gbẹ tó láti gba ìpele kejì, kí a sì san owó fún wọn láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ìmọ̀ yìí wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, kò sí nínú ìwé, bí wọ́n bá sì lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ilé Kúdẹtì kì í ṣe ilé Òyìnbó, kì í sì í ṣe ilé Yorùbá nìkan. Ilé tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ amọ̀ méjì jọ kọ́ ni, tí àwọn ọ̀mọ̀lé Ìbàdàn sì fún ní ara. Ó ti rí ogun, ó ti rí ìyàn, ó ti rí òjò tí ó ju ti ọgọ́rùn-ún ọdún àti ààbọ̀ lọ. Ohun tí ó gbé e dé òní kò ju fìlà, bàtà àti ọwọ́ ènìyàn lọ. Ìwọ̀nyí náà ni ilé amọ̀ tí ó wà ní agboolé baba yín ń bèèrè. Bí òjò ọdún yìí bá ti dá, ẹ lọ wo orí rẹ̀.